Ìwé kan wà lára fíríjì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́: kí ni "ìmọ́lẹ̀ mẹ́wàá" àwọn Júù?

Rónkẹ́_N16

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn Júù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń gba oorun lójú mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Stamford Hill, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Màmá tí mò ń tọ́jú ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Júù Hasidi ni wọ́n, àwọn tó di òfin ẹ̀sìn wọn mú gan-an, ilé wọn ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Ìrékọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò gbọ́dọ̀ mú búrẹ́dì wọlé. Bísíkíìtì tó wà nínú báàgì mi gan-an, ìta ni mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Mi ò fi ìyẹn ṣe wàhálà. Mo fẹ́ràn Màmá yìí, àwọn náà sì fẹ́ràn mi.

Ohun tó gbé mi wá ni ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fíríjì. Wọ́n pín in sí ojúlé kéékèèké 49. Ọmọ-ọmọ Màmá, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n, máa ń wá lálẹ́ wá fi bírò sàmì sí ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Hébérù méjì ló wà nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sábẹ́. Èyí tó sàmì sí lọ́jọ́ tí mo wò ó ni "Chesed shebeGevurah". Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni. Ó ní mẹ́wàá ni ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run fi ń ṣàkóso ayé, méje nínú wọn ni àwọn sì ń tún ṣe fún ọ̀sẹ̀ méje. Ó tún ní Ọlọ́run kọ́kọ́ fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dá ayé, àti pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọlé padà, ó fọ́ ohun èlò tí wọ́n fi gbà á. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó mú ápù kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sọ fún pásítọ̀ wa. Wọ́n ní awo ni, kí n má wo ìwé náà mọ́. Báwo ni n ò ṣe ní wo fíríjì?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run mẹ́wàá ni wọ́n ń sìn ni? Kí ló fọ́? Báwo ni Ẹni tó kún ibi gbogbo ṣe lè fà sẹ́yìn?

Ẹlẹ́rìí_Òtítọ́

Arábìnrin, pásítọ̀ yín ti parí ọ̀rọ̀. Deutarónómì 29:29: ti Olúwa ni ohun ìkọ̀kọ̀. Àwọn òṣèré Amẹ́ríkà tó ń so òwú pupa mọ́wọ́ kiri, ṣebí irú ẹ̀kọ́ yìí náà ni wọ́n ń sọ. Ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún. Ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì gbà á nígbà tẹ́ ẹ bá jáde.

BabaTelAviv

Rónkẹ́ ọmọ mi, o káre tó o béèrè. Ẹlẹ́rìí, mo kí ẹ náà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò béèrè òwú pupa lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn ohun tó béèrè.

Mo gbé Tel Aviv lẹ́yìn ọdún 1990. Àwa ọmọ Nàìjíríà àtàwọn ará Gánà pọ̀ ní gúúsù ìlú náà nígbà yẹn, ilé onílé la ń tún ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Safed ni, ìlú orí òkè kan ní Gálílì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà èmi ni mò ń bá a gbé ìwé sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, tí mo bá sì ti gbé e tán, á ní kí n jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí n ó sọ yìí. Ìyókù, mo kà á nígbà tí mo padà sílé, torí ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọlọ́run mẹ́wàá kọ́ o. Màmá tó ò ń tọ́jú yẹn, àárọ̀ àtalẹ́ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ka Deutarónómì 6:4 pé Olúwa kan ṣoṣo ni. Tó o bá dárúkọ Ọlọ́run mẹ́wàá létí wọn, wọ́n á ní kó o gbé báàgì ẹ. Ẹni tí kò lópin, tí kò ṣeé júwe, òun ni àwọn tó ń kọ́ Kabbalah, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ àwọn Júù, ń pè ní Ein Sof. Nípa Ein Sof fúnra rẹ̀, wọn kì í sọ nǹkan kan. Àwọn mẹ́wàá náà, tí wọ́n ń pè ní sefirot, ni ọ̀nà tí Ẹni tí a ò lè mọ̀ gbà jẹ́ ká mọ nǹkan nípa òun.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí 1 Kíróníkà 29:11. Dáfídì ń yin Olúwa lójú gbogbo ìjọ: tìrẹ, Olúwa, ni títóbi, àti agbára, àti ògo, àti ìṣẹ́gun, àti ọlá-ńlá. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Títóbi ni èyí tí wọ́n tún ń pè ní Chesed, àánú tí kì í wọn nǹkan kó tó fúnni. Agbára ni Gevurah, ìdájọ́ àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Ògo ni Tiferet, ìṣẹ́gun ni Netzach, ọlá-ńlá ni Hod. Ẹsẹ náà tún ní ohun gbogbo tó wà lọ́run àti láyé; ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Yesod, ìpìlẹ̀. Ìjọba tó tẹ̀ lé e ni Malkhut. Méje nìyẹn, àwọn méje tó wà lára fíríjì gẹ́lẹ́. Mẹ́ta tó wà lókè wọn ni Keter, Chokhmah àti Binah: adé, ọgbọ́n, òye. Ẹlẹ́rìí, gbogbo ìgbà tó o bá ka ẹsẹ yẹn nígbà ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ti ka sefirot méje nìyẹn, awo ò sì mú ẹ.

Ẹni tó là á yé mi jù ni Moshe Cordovero, ará Safed, tó kú lọ́dún 1570. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí tán. Ó ní ká wo ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé kan wọlé, tí gíláàsì fèrèsé náà sì jẹ́ oríṣi àwọ̀ mẹ́wàá. Lára ògiri, a ó rí pupa, a ó rí àwọ̀ ewé, a ó rí funfun. Ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ò ní àwọ̀, kò sì pín sí mẹ́wàá. Àwa tó wà nínú yàrá là ń rí ìyàtọ̀. Tí ìdájọ́ bá kàn wá, à ní Ọlọ́run bínú. Tí àánú bá kàn wá, à ní inú rẹ̀ yọ́. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni. Ìwé kan tó ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Cordovero, Sefer Yetzirah, tilẹ̀ kìlọ̀ pé mẹ́wàá ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án, mẹ́wàá ni, kì í ṣe mọ́kànlá. Ẹni tó kọ ọ́ mọ irú àwa ènìyàn tó máa kà á.

Wọn kì í tò wọ́n ní ìlà kan. Ọ̀tún wà, òsì wà, àárín wà. Chesed wà lọ́tùn-ún, Gevurah wà lósì, Tiferet ló ń bá wọn làjà láàárín. Láti alẹ́ kejì Ìrékọjá, wọ́n á máa ka ọjọ́ 49 títí tí Àjọ̀dún Ọ̀sẹ̀ á fi dé, ìyẹn Pẹ́ńtíkọ́sì tiwa, bí Léfítíkù 23 ṣe pa á láṣẹ. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sefirah tirẹ̀, ìyẹn ẹyọ kan nínú sefirot, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ náà tún ní tirẹ̀, méje lọ́nà méje. Èyí tó o rí yẹn, ọjọ́ kẹjọ ni, àánú tó wà nínú ìdájọ́. Ẹni tó ń ṣe é tọkàntọkàn á bi ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé: nígbà tí mo bá ọmọ mi wí lánàá, ṣé àánú wà níbẹ̀, àbí ìbínú lásán ni mo fi tutọ́ sí i lójú? Tó bá di ọjọ́ 33, Hod shebeHod, tó o bá rí i tí wọ́n dáná ńlá sí gbangba tí àwọn ọkùnrin ń jó yí i ká, má pe panápaná o. Ọjọ́ ìrántí Shimon bar Yochai ni, rábì àgbà kan láyé àtijọ́.

Ohun tí ọmọ náà ní ó fọ́, ọ̀rọ̀ Isaac Luria nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní Ari. Wọ́n bí i ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1534, ó dàgbà ní Íjíbítì lọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ tó jẹ́ agbowó-orí olówó, ó dé Safed ní 1570, àjàkálẹ̀ àrùn sì pa á ní 1572. Ọdún méjì péré ló fi kọ́ wọn, nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ ò tó nǹkan. Chaim Vital ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ ọ́.

Bí Luria ṣe sọ ọ́ nìyí. Kí ohunkóhun tó wà, ìmọ́lẹ̀ Ein Sof kún gbogbo ibi débi pé kò sí àyè tí nǹkan mìíràn fi lè wà. Ìmọ́lẹ̀ náà bá fà sẹ́yìn láti àárín, ó fà sẹ́yìn dọ́gbadọ́gba níhà gbogbo, àyè òfìfo kan ṣẹ́ kù tó rí roboto. Èyí ni wọ́n ń pè ní tzimtzum. Lẹ́yìn náà ni ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan wọ inú òfìfo náà. Ohun èlò wà nílẹ̀ tó yẹ kó gbà á. Mẹ́ta òkè gbà á, wọn ò mì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ méje ìsàlẹ̀, kálukú dá dúró, kò sí èyí tó ń fún ẹnìkejì tàbí tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì pọ̀ ju agbára wọn lọ. Wọ́n fọ́. Èéfọ́ wọn já bọ́ sísàlẹ̀, ìpẹ́pẹ́ ìmọ́lẹ̀ 288 sì bá wọn bọ́. Àárín èéfọ́ yẹn ni ayé wa wà.

Ibo ló ti rí i? Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 36 láti ẹsẹ 31, ibi tí gbogbo wa máa ń fò nígbà tá a bá ń ka Bíbélì parí lọ́dún. Àwọn ọba tó jẹ ní Édómù kí ọba kankan tó jẹ ní Ísírẹ́lì. Ọba kan jẹ, ó kú. Òmíràn jẹ, ó kú. Méje ló kú bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra. Ìkẹjọ, Hadari, Jẹ́nẹ́sísì ò sọ pé ó kú. Òun nìkan ló sì dárúkọ ìyàwó rẹ̀ láàárín wọn, Mehetabeli. Nínú Zohar, ìwé pàtàkì kan nínú Kabbalah, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn ọba yìí jẹ́ àwọn ayé tó ti wà rí tí wọn ò lè dúró, Luria sì mú un, ó fi kọ́ ilé. Méje tó dá jẹ, fọ́. Èyí tó ní ẹnìkejì, dúró. Lọ́jọ́ tí tíṣà yẹn fi hàn mí, mi ò lè nulẹ̀ mọ́. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì jókòó.

Tí n bá ní nǹkan kan láti sọ lórí gbogbo èyí, òun nìyí: ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń lé kiri. Ẹ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ níbí, ìmọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú ìtàn Luria, ìmọ́lẹ̀ ò wọ́n rárá. Òun ló pọ̀ jù. Ohun tó wọ́n ni ohun tó lè gbà á tí kò ní fọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Safed fi le koko mọ́ nǹkan kéékèèké: àkókò jíjí lóru, ìre tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó jẹ èso kan, ìṣẹ́jú tí Ọjọ́ Ìsinmi wọlé. Lójú tiwọn, ẹni tó súre sórí oúnjẹ tó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkàn tó tọ́ ti gbé ìpẹ́pẹ́ kan dìde nínú oúnjẹ náà. Màmá tó ní kó o má mú bísíkíìtì wọlé, ohun èlò ló ń ṣọ́.

Ẹlẹ́rìí_Òtítọ́

Bàbá, mo dúpẹ́ fún àlàyé. Ẹ wá dá mi lóhùn kan: tí kì í bá ṣe awo, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í pamọ́? Mo gbọ́ pé ẹni tí kò bá tíì pé ogójì ọdún kò gbọ́dọ̀ kà á. Ìhìnrere kì í bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Rónkẹ́_N16

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 36 náà, òótọ́ ni, wọn ò pa Hadari. Mo tún wo ti Kíróníkà, mo rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ibì kan ò tíì yé mi. Nínú òfìfo yẹn, ṣé Ọlọ́run wà níbẹ̀ àbí kò sí? Tí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ibì kan wà tí kò sí. Tó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe òfìfo mọ́.

BabaTelAviv

Ẹlẹ́rìí béèrè ọ̀rọ̀ gidi, mo fẹ́ràn rẹ̀ báyìí.

Wọ́n fi í pamọ́ lóòótọ́, torí ó ti jó wọn lọ́wọ́ rí. Ọkùnrin kan wà ní Símírínà, Sabbatai Zevi, tó ní òun ni Mèsáyà. Wòlíì rẹ̀, Nathan ará Gásà, fi ẹ̀kọ́ Luria nípa ìpẹ́pẹ́ ìmọ́lẹ̀ yìí gan-an ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: pé Mèsáyà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sáàárín èéfọ́ lọ gbé ìpẹ́pẹ́ tó kù dìde. Júù láti Yemen dé Amsterdam gbà á gbọ́, àwọn mìíràn ta ilé. Ní 1666, Súlítánì ilẹ̀ Tọ́kì ní kó yan ikú tàbí ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ó wé láwàní. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Jacob Frank tún dé ní Pólàǹdì pẹ̀lú èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Ní 1756, àwọn rábì pé jọ ní Brody, wọ́n ṣòfin: ẹni tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún kò gbọ́dọ̀ ka Zohar, ẹni tí kò tíì pé 40 kò gbọ́dọ̀ ka ìwé Luria. Ẹ kúkú rántí pé ọmọ ọdún 38 ni Luria nígbà tó kú. Ká ní ó wà ní Brody, wọn ò ní jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Ìpamọ́ mìíràn tún wà tí kò ní òfin nínú, owú lásán ni. Vital ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tó kọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ń pa á nítàn ní Safed pé nígbà kan tí àìsàn gbé e dè, wọ́n fún àbúrò rẹ̀ ní owó wúrà àádọ́ta, ó sì gbé ìwé náà jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n pín in fún akọ̀wé tó pọ̀, wọ́n kọ ọ́ tọ̀sán tòru, wọ́n dá a padà kí aláìsàn tó dìde. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe jáde síta nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe wí. Ta ni kò mọ irú àbúrò bẹ́ẹ̀?

Rónkẹ́, ìbéèrè tìrẹ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà wọn ní Ítálì ní nǹkan bí ọdún 300 sẹ́yìn. Immanuel Chai Ricchi ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni ká gbà á: ìmọ́lẹ̀ fà sẹ́yìn lóòótọ́, ó ní kò bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run ká máa sọ pé òun fúnra rẹ̀ wà nínú ìdọ̀tí ayé. Joseph Ergas ní tirẹ̀ ní àkàwé ni, torí kí á sọ pé Ọlọ́run kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, a ti fún un ní ara nìyẹn. Àwọn Hasidi tẹ̀ lé ọ̀nà Ergas, wọ́n sì gbé e lọ jìnnà. Shneur Zalman ará Liadi, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1796, tẹnu mọ́ Jeremáyà 23:24, pé èmi kún ọ̀run òun ayé, àti Málákì 3:6, pé èmi kò yí padà. Lójú tirẹ̀, lọ́dọ̀ wa nìkan ni ìfàsẹ́yìn náà ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kò sí ohun tó yí padà rárá, ibi gbogbo ṣì kún bó ṣe kún kí ayé tó wà. Ojú wa ni wọ́n bò, kí àwa náà lè ráyè jẹ́ ẹni kan.

Tíṣà mi ò gba ti Liadi. Ó ní tí kò bá sí àyè kankan lóòótọ́, a jẹ́ pé àwa náà ò sí, ẹ̀ṣẹ̀ wa ò sí, ọmọ tí ebi ń pa ò sí. Ohun tí òun fi ń mú nǹkan dúró ni ohun kan tí Luria sọ tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà: nígbà tí ìmọ́lẹ̀ fà sẹ́yìn, kò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ipasẹ̀ rẹ̀ kù. Wọ́n ń pè é ní reshimu. Nítorí náà òfìfo náà ṣófo, síbẹ̀ kò ṣófo tán. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni èmi náà wà, kì í ṣe torí pé òun ló ń sanwó oṣù mi.

Ọmọ_Awo_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ti gbàgbé Atúndá ni? Òrìṣà Ńlá nìkan ló wà, òun àti ẹrú rẹ̀. Ẹrú yìí yí òkúta láti orí òkè lu ọ̀gá rẹ̀ lóko, Òrìṣà fọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀rúnmìlà ló ń ṣa èéfọ́ kiri, ó ń kó o sínú igbá, ó sì pín in káàkiri ayé. Ohun tó fọ́ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣà á wà níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́. Òrìṣà ni sefirot, ẹ kàn ń fi Hébérù pè é ni.

BabaTelAviv

Ọmọ awo, mi ò gbàgbé Atúndá. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ti Luria ni mo sọ ọ́ fún tíṣà náà, ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó pàtẹ́wọ́. Ìtàn méjèèjì jọra dáadáa. Àmọ́ má jẹ́ ká fi ìjọra pa ìyàtọ̀.

Ẹrú ló ṣe tiwa, ọ̀tá ló wà níbẹ̀. Kò sí Atúndá nínú ti Luria. Kò sẹ́ni tó yí òkúta. Oore ló pọ̀ jù, ohun èlò ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Òrìṣà fúnra rẹ̀ ló fọ́ nínú tiwa. Nínú tiwọn, Ein Sof ò fọ́, nǹkan kan ò ṣe é. Ohun èlò ló fọ́. Èyí tó wá tóbi jù lójú mi ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí èéfọ́. Níbi tiwa, èéfọ́ kọ̀ọ̀kan gba oyè, ó gba ìlú, ó gba ọdún tirẹ̀, a ń kí i, a ń bọ ọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Níbi tiwọn, tó o bá mú ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, pàápàá Malkhut tó sún mọ́ wa jù, tó o yà á kúrò lára ìyókù tó o sì ń sìn ín lọ́tọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù nìyẹn. Gígé ọ̀gbìn ni wọ́n ń pè é. Elisha ben Abuyah ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀mọ̀wé ńlá tó wọ ọgbà kan nínú ìtàn wọn pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, tó gé ọ̀gbìn, tí wọn ò sì fẹ́ máa dárúkọ rẹ̀ mọ́. "Ẹlòmíràn" ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Nítorí náà, tó o bá wọ ilé Màmá yẹn tó o ní òrìṣà ni sefirot, ìwọ náà á gbé báàgì ẹ.

Alfa_Ìlọrin

Sàlámù àlékùm gbogbo ilé. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Sūratu-n-Nūr, àáyà 35: Ọlọ́hun ni ìmọ́lẹ̀ sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kò dúró síbẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ náà sí: ihò kan lára ògiri, àtùpà nínú ihò náà, gíláàsì yí àtùpà ká, gíláàsì náà ń tàn bí ìràwọ̀, òróró igi ólífì tí kì í ṣe ti ìlà-oòrùn tí kì í ṣe ti ìwọ̀-oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Imam Ghazali kọ ìwé lórí àáyà yìí, ó sì kú ní 1111, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Luria. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jí i o. Mo kàn rí i pé àáyà náà lo ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ihò àti gíláàsì. Ohun tí Bàbá ń sọ nípa ohun èlò nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí_Òtítọ́

Pọ́ọ̀lù náà sọ ọ́, 2 Kọ́ríńtì 4:7, ìṣúra nínú ohun èlò amọ̀. Mo ti ń rí ibi tí Bàbá ń lọ. Mi ò gbà pé kí ọmọ ìjọ máa kà á o, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Bàbá, ṣé ẹ ti wọ ilé àdúrà wọn rí?

BabaTelAviv

Mo wọ̀ ọ́. Tíṣà mi ní kí n lọ wo Safed kí n tó padà sílé. Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí n wo ibojì Luria kí n máa bọ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn àti ògiri ti jẹ́ búlúù káàkiri, ibojì náà pàápàá, wọ́n kun ún ní búlúù. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni omi kan wà nínú ihò òkúta tí wọ́n ní Luria máa ń wẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sáré yọ ọ́. Yìnyín ni!

Nígbà tí n ó fi padà sókè, bọ́ọ̀sì ti tán. Ọjọ́ Ìsinmi ti ń wọlé, kò sí ohun tó ń rìn mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ kejì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà kékeré kan pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì àti sàdíìnì mi. Wọ́n ń kọ Lekha Dodi, orin tí Shlomo Alkabetz kọ ní ìlú yẹn gan-an. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Cordovero fẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń jáde lọ sínú pápá lọ pàdé Ọjọ́ Ìsinmi bí ìyàwó tó ń bọ̀. Orin náà dé ẹsẹ tó gbẹ̀yìn. Láìsọ tẹ́lẹ̀, gbogbo ilé yí padà, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n tẹ orí ba. Èmi nìkan ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú sàdíìnì. Kí ni ọmọ Yorùbá máa ṣe nígbà tí odindi ìjọ bá kí i? Mo tẹ̀ ba, mo kí wọn padà. Bàbá kan tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà. Ìyàwó rẹ̀ bu ẹja fún mi kó tó bi mí lórúkọ. Ìyá náà ti tan àbẹ́là, méjì, lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọn ò gbé e, wọn ò pa á. Ó jó títí ó fi parí fúnra rẹ̀.

Irú rẹ̀ lo ń rí lọ́jọ́ Ẹtì, Rónkẹ́.

Rónkẹ́_N16

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá! Màmá á fi ọwọ́ fẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà wá sọ́dọ̀ ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á bo ojú, wọ́n á máa sọ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, orúkọ àwọn ọmọ wọn ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Èmi á dúró ní kọ̀ọ̀rọ̀.

Ó yá, ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé mo ti lọ wádìí. Ṣé kò burú tí mo bá bi í lálẹ́ òní pé ọjọ́ kelòó la wà àti ìmọ́lẹ̀ wo ló kàn?

BabaTelAviv

Kò burú, àmọ́ jẹ́ kó kà á tán ná. Tí oòrùn bá ti wọ̀, tó o sì bi í kó tó súre, tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ pé òní jẹ́ ọjọ́ báyìí, wọ́n gbà pé ó ti kà á nìyẹn, kò sì lè súre sórí ẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tó bá gbọ́n á kàn sọ fún ẹ pé "àná jẹ́ ọjọ́ báyìí", á wá jẹ́ kó o fi kún un fúnra ẹ. Dúró kó kọ́kọ́ fi bírò sàmì sí i.

Kó o sì bá mi kí Màmá.